Ìmọ̀ Á-Gbé-E: Ìwé Ìjìnlẹ̀ Lórí Wíwá Arọ́pò fún Páátì Ańpìlífáyà Àtijọ́

Ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òpó tó gbé e dúró. Amòfin ní ẹ̀rí, oníṣirò ní òdo, ẹni tó ń tún ańpìlífáyà àtijọ́ ṣe sì ní “á gbé e.” Gbólóhùn yìí máa ń jáde lẹ́nu ẹnjiníà nígbà tó bá ti yọ páátì tó jóná, tó ti wá irú rẹ̀ dé ọjà tí kò rí i, tó sì mú òmíràn tó jọ ọ́ dání. Oníbàárà á béèrè pé, “Ẹnjiníà, ṣé irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an nìyí?” Ẹnjiníà kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Á tún awò ojú rẹ̀ ṣe, á ní, “Bàbá, á gbé e.” Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí páátì náà fẹ́ gbé, iye àkókò tó fẹ́ fi gbé e, àti ibi tó ń gbé e lọ. Àlàfo yìí ni ìwé kékeré yìí fẹ́ dí.

Kí a má baà ṣi ara wa gbọ́, “arọ́pò” nínú ìwé yìí ni páátì èyíkéyìí tí a fi sí ipò èyí tó bàjẹ́, tí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ títí oníbàárà fi sanwó, tó sì gbé e kọjá ìloro ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìloro wà lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn.

Pálọ̀ ni ibi ìwádìí wa. Nígbà tí ìjọba san àjẹsílẹ̀ àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, púpọ̀ nínú owó náà ló di rédíò àti sìtẹ́ríò. Sansui wọlé, Pioneer wọlé, Akai àti Sony wọlé. Nígbà tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, ríra tuntun di ọ̀ràn, títún ti àtijọ́ ṣe di dandan. Àwọn tó rà wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹ̀rọ náà kò rí ẹni fún wọn níwèé ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tàwọn ti aṣọ léèsì funfun tí Mọ̀mí tẹ́ lé wọn lórí. Aṣọ yìí ń dí ihò tí ooru ń gbà jáde, ó sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹnjiníà tó láyà láti sọ ọ́ fún Mọ̀mí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ yìí ni bóyá òkú kú lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ páátì tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ló wà láàyè, tí kò kàn jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Àwọn ará Japan ní ètò ìsọmọlórúkọ tó mọ́gbọ́n dání. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú tìràǹsísítọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2S, lẹ́tà kan á sì tẹ̀lé e: A àti B fún ẹ̀yà PNP, C àti D fún ẹ̀yà NPN, A àti C fún iṣẹ́ tó yára, B àti D fún iṣẹ́ tó rọra. Ṣùgbọ́n ara páátì kékeré kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà wọ́n ń yọ 2S kúrò nígbà tí wọ́n bá ń tẹ orúkọ sí i lára. Èyí tó ń jẹ́ 2SC1815 nínú ìwé, C1815 ló ń jẹ́ lójú ayé. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ 2SC1815 sí pépà fún lè dúró níwájú C1815 tó kún ike ní ọjà Alaba, kó ní kò sí, kó sì sanwó ọkọ̀ padà sílé.

Ní Europe, lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí a fi ṣe é: A fún jẹmáníọ́ọ̀mù, B fún sílíkọ́ọ̀nù. Lẹ́tà kejì ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: C fún iṣẹ́ ohùn kékeré, D fún iṣẹ́ ohùn ńlá. Ẹni tó bá rí AD149 ti mọ ìdílé rẹ̀ kí wọ́n tó kí ara wọn. Amẹ́ríkà ní tiwọn kò fẹ́ wàhálà. Wọ́n kọ 2N, wọ́n sì fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tẹ̀lé e. Ohun tí 2N3055 ń sọ fún wa kò ju pé 2N3054 ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ rọrùn ju ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lọ. Ẹ kọ ojú pẹrẹsẹ C1815 sí ara yín: láti òsì lọ sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀mítà, kọlẹ́tọ̀, béèsì. Ti BC547 ni kọlẹ́tọ̀, béèsì, ẹ̀mítà. Ti 2N3904 ni ẹ̀mítà, béèsì, kọlẹ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí fóòtì kò ti ga, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gba iṣẹ́ ara wọn ṣe, bí a bá lè mú kí wọ́n dúró dáadáa. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi máa ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí a ti tún ṣe rí, tí wọ́n á bọ́ rọ́bà wáyà sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀ kó má baà fara kan èkejì. Àwọn ńláńlá onírin burú jù, nítorí àpò wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀. 2SK134 tí Hitachi ṣe fún ańpìlífáyà ní àwọn ọdún 1970, ẹsẹ̀ sọ́ọ̀sì ni àpò irin rẹ̀. Àwọn IRF onírin tó jọ ọ́ bí ìbejì, ẹsẹ̀ dírénì ni tiwọn. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìwo ìwé kò ní pẹ́ gbọ́ èsì, nítorí èsì náà máa ń dún.

Èyí ló gbé wa dé orí ìwé. Ní àwọn ọdún 1970 ni T. D. Towers kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tìràǹsísítọ̀ jọ sínú ìwé kan, pẹ̀lú fóòtì, ańpíà, wáàtì àti arọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé iṣẹ́ NTE ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi títa arọ́pò ṣe iṣẹ́: ẹ mú nọ́ńbà òkú wá, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tiwọn, fún 2N3055, NTE130 ni. Ìwé wọ̀nyí wúlò, a kò bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n alárinà ni wọ́n. Alárinà á sọ gíga ọkọ ìyàwó, á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe àti iye tó ń gbà lóṣù. Bóyá ó máa ń hanrun lóru, kò ní sọ ọ́.

Ìhanrun tí à ń wí yìí ni ìyára. RCA ló gbé 2N3055 jáde ní àwọn ọdún 1960: 60 fóòtì, 15 ańpíà, 115 wáàtì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ti ìgbà náà mú kó lọ́ra. Bí iná bá ń yí padà tó 800,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò lè fi nǹkankan kún ohùn mọ́. Etí ọmọ ènìyàn kò sì gbọ́ kọjá 20,000, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwọn tó ya àwòrán ańpìlífáyà nígbà náà mọ̀ pé ó lọ́ra, wọ́n sì fi ìlọ́ra rẹ̀ ṣe ìṣirò. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ yí ọ̀nà ìṣe rẹ̀ padà. 2N3055 tó ń jáde lẹ́yìn náà yára ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà kan náà, àpò kan náà. Ẹ rí i pé oníbàárà tó bá taku pé irú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́ lè gba irú rẹ̀ gan-an, kó má sì rí irú rẹ̀ gbà.

Ọ̀gbẹ́ni tó wá fẹ́ ṣe oore gbé 2SC5200 wá. Tìràǹsísítọ̀ dáadáa ni: 230 fóòtì, 15 ańpíà, 150 wáàtì, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 30. Ó ju 2N3055 lọ lórí gbogbo ìlà, àfi ìlà ańpíà tí wọ́n ti dọ́gba. Ẹ dè é mọ́ inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún èyí tó lọ́ra, ẹ tan án. Orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, sípíkà dákẹ́ rọ́rọ́, ṣùgbọ́n híìtì-síǹkì ń gbóná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn tó ń jáde ń rápálá padà sẹ́nu ọ̀nà, tìràǹsísítọ̀ tuntun sì yára tó láti gbá a mú, kó sọ ọ́ di ńlá, kó tún rán an jáde. Ó ń kọrin láìdúró, ní ìró gíga tí ajá pàápàá kò lè gbọ́, tí mítà ọwọ́ lásán kò sì lè kà. Oníbàárà á ní ẹ̀rọ náà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Títí di alẹ́ ni.

Níbi yìí ni a ti gbé òfin àkọ́kọ́ ìmọ̀ á-gbé-e kalẹ̀: arọ́pò tó sàn ju òkú lọ ní gbogbo ọ̀nà léwu ju èyí tó kàn bá a dọ́gba. Ìtọ́jú wà fún un. Rẹ̀sísítọ̀ óòmù mélòó kan tí a bá fi sí ẹnu béèsì á dín ìwàǹwára rẹ̀ kù, kàpásítọ̀ tín-ín-rín tí a sì so láàárín kọlẹ́tọ̀ àti béèsì ibi tí fóòtì ti ń ga nínú ẹ̀rọ á fà á lápá. Lọ́rọ̀ kan, a ra páátì tó yára ní owó ńlá, a sì ra méjì sí i láti mú un lọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ tábìlì iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ańpìlífáyà Japan ìgbà náà, páátì kékeré kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara híìtì-síǹkì, tó ń jẹ́ STV-3H tàbí orúkọ tó sún mọ́ ọn. Kì í kọrin, kì í gbé wáàtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ara àwọn ńlá ṣe gbóná tó. Tìràǹsísítọ̀ tó bá gbóná ní dígíríì kan á fẹ́ mílífóòtì bíi 2 kù lẹ́nu béèsì kó tó ṣí. Bí a bá ń fún un ní iye tó ń gbà nígbà tó tutù, á mu iná ju bó ṣe yẹ, á gbóná sí i, á tún mu sí i. Páátì kékeré yìí ń gbóná pẹ̀lú wọn, ó sì ń dín fóòtì náà kù ní ìwọ̀n kan náà. Ó ti ṣọ̀wọ́n. Arọ́pò rẹ̀ tí gbogbo ẹnjiníà mọ̀ ni dáyóòdù 1N4148 mẹ́ta tí a so tẹ̀lé ara wọn. Owó wọn kò tó ti bísíkíìtì.

Ọmọ iṣẹ́ jó òjé sí wọn lẹ́nu, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ní ìlà, ó jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó tẹ́ míkà sábẹ́ àwọn tìràǹsísítọ̀ ńlá, ó fi ìpara funfun pa á lójú méjèèjì, ó de síkúrù. Ó fi mítà kan àpò irin àti híìtì-síǹkì. Mítà kò ké, ó mirí. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí gílóòbù wáàtì 60 tí wọ́n so sójú ọ̀nà iná, èyí tí kò sí ṣọ́ọ̀bù tó mọ iṣẹ́ tí kò ní. Gílóòbù tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, ó sì rẹ̀ wálẹ̀ di pupa ráúráú: kò sí ṣọ́ọ̀tì. Ó fi mítà sórí rẹ̀sísítọ̀ ẹ̀mítà tó jẹ́ 0.47 óòmù, mítà ka mílífóòtì 10, ìyẹn nǹkan bíi mílíańpíà 21. Ohun gbogbo tọ́. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, wọ́n pe oníbàárà.

Àṣìṣe kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé dáyóòdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lófuurufú. Kò sí èyí tó fara kan híìtì-síǹkì. Atẹ́gùn ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń jábọ̀ pé ara gbogbo ilé tutù. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí fáànù ti ń fẹ́, á gbé e. Nínú pálọ̀ tí aṣọ léèsì wà lórí, ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí wọ́n bá ti yí fólúùmù débi tí Àǹtí tó wà ní kíṣìnnì fi lè máa jó, kò ní gbé e. Gílúù díẹ̀ àti ike tó ń súnkì nígbà tí a bá fi iná sí i ni ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. A ti gbọ́ tí wọ́n fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kan NEPA.

Ẹ̀ka STK ni ìmọ̀ yìí ti súnmọ́ ìṣirò jù. Sanyo kó gbogbo ańpìlífáyà sínú páátì kan ṣoṣo, wọ́n sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ: STK4141II fún wáàtì 25 ní ọ̀nà méjì, 4151 fún 30, 4161 fún 35, bẹ́ẹ̀ títí dé 4191 tó jẹ́ 50. Ẹsẹ̀ 18 ni gbogbo wọn ní, ní ètò kan náà. Ẹ lè gòkè lórí àtẹ̀gùn yìí láìséwu: 4191 tí a gbé sí ipò 4141 á ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n wáàtì kò ní pọ̀ sí i, nítorí tìràǹsìfọ́mà ló ń fúnni ní wáàtì, tìràǹsìfọ́mà sì ṣì jẹ́ ti àná. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba owó wáàtì 50. Sísọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan náà máa ń yára ju gígòkè lọ, kì í sì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lórí kàpásítọ̀, a kò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí ìmọ̀ ibẹ̀ ti yanjú. Omi inú wọn ń gbẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kúrò. Wọn kì í ṣe máíkírófáràdì 2000 mọ́, 2200 ni ẹ óò rí, á gbé e ní tòótọ́; fóòtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kéré sí ti òkú. Ìṣòro tó kù kì í ṣe ti iná, ti ojú ni. Kàpásítọ̀ tuntun kéré ju ti àtijọ́ lọ jìnnà. Ẹ fi èyí tí kò ju àtàǹpàkò lọ sí ibi tí agolo ńlá ti dúró láti ọdún 1976, kí oníbàárà sì yọjú. “Ẹnjiníà, èyí tó kéré yìí? Níbo lẹ gbé tèmi sí?” Kò sí àlàyé tó lè gba ẹnjiníà náà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń gé ìdí agolo àtijọ́, tí wọ́n ń yọ ìfun rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi tuntun sínú. Agolo dúró, kọ́ńsítọ́mà dákẹ́.

Ní ti ayédèrú, 2SC5200 ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun àti èkejì rẹ̀, 2SA1943, ni àwọn tó ń kan ańpìlífáyà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òde àríyá ń rà jù. Ojúlówó ní sílíkọ́ọ̀nù tó fẹ̀ nínú. Ayédèrú lè ní èyí tí kò ju orí ìṣó lọ, pẹ̀lú orúkọ tó ń dán lẹ́yìn. “Kọ́ńsítọ́mà mi, ọ́rígínà ni,” ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Àwọn kan ń fi òwú tí a tì bọ sípírítì nu orúkọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá á ṣí. Àwọn mìíràn ń gbé e lé òṣùwọ̀n. Ìdánwò tó dájú jù ni kí a fi pílíásì fọ́ ọ, kí a wo inú rẹ̀. Àléébù kékeré tí ìdánwò yìí ní ni pé páátì tó bá yege níbẹ̀ kò ṣe é lò mọ́.

Ó ku ohun kan tó ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Ènìyàn á rò pé bí páátì bá ṣe pẹ́ tó ni yóò ṣe ṣòro rí tó. Irọ́ ni. RCA gbé fáàfù 6L6 jáde ní 1936, ẹ̀yà rẹ̀ sì ṣì ń jáde ní tuntun, nínú páálí, láti Russia, China àti Slovakia, nítorí àwọn tó ń ta gìtá kọ̀ láti jẹ́ kó kú. Wàhálà tó wà lára fáàfù kò pọ̀: ẹni tó bá fi dáyóòdù sílíkọ́ọ̀nù rọ́pò fáàfù GZ34 yóò rí i pé fóòtì ga sí i, ó sì dé kí àwọn fáàfù yòókù tó gbóná, kàpásítọ̀ àgbàlagbà á sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n tìràǹsísítọ̀ V-FET tí Sony ṣe ní àárín àwọn ọdún 1970, 2SK60 àti 2SJ18 inú ańpìlífáyà TA-8650, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é mọ́, kò sì sí ohun tó lè wọ bàtà rẹ̀. Ohun tí bàbá àgbà lò wà lọ́jà. Ohun tí bàbá fi owó Udoji rà kò sí. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni à ń lọ, láti ra ẹ̀rọ kan náà tí nǹkan mìíràn pa, kí a fi òkú méjì ṣe alààyè kan. Èyí ni ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú ìmọ̀ wa tí a ti lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni bí oníbàárà bá béèrè.

Ẹgbẹ́ kan wà láàárín àwọn onímọ̀ tó máa ń fi sándípépà ha nọ́ńbà kúrò lára arọ́pò, kí ẹnjiníà mìíràn má baà rí ohun tí wọ́n lò. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí ẹ̀rọ tí a ha nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ha á. Ẹ fi máákà kọ ọ́ sí inú ìdérí: ọjọ́, nọ́ńbà òkú, nọ́ńbà arọ́pò, mílífóòtì tí ẹ kà. Bí ẹ bá lẹ dáyóòdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ híìtì-síǹkì, ẹ lè kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i. Bí ẹ kò bá lẹ̀ wọ́n, ọjọ́ nìkan tó.